Ẹ̀rọ Tí Kò Pariwo

"Ìyá Àràmídé, wọ́n ní ẹ̀rọ tuntun yẹn... àbí kí n má sọ. Wọ́n ní kò dún rárá. Láti ilé ìdáná iléeṣẹ́ ni mo ti gbọ́ Démọ́lá, ọ̀gá wọn, ó ní kí Bàbá Àràmídé kó irinṣẹ́ ẹ̀, kó máa..."

Halimah, tó ń dáná fún àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ike, ò parí ẹ̀. Ó gba ẹ̀yìn lọ sí yàrá ẹ̀ nínú ilé kan náà.

Lateefah, ìyá Àràmídé, jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀ ní àdúgbò Mile One, kò ránṣọ mọ́. Òun ló kúkú ti ọkọ ẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí iléeṣẹ́ fẹ́ pa bọ́ílà tó ń se omi kí ooru ẹ̀ lè yí ẹ̀rọ ńlá tó ń ti gáàsì gba inú páìpù, kí iná mànàmáná máa yí i dípò, Akínbíyìí kọ̀ jálẹ̀. Bọ́ílà lòun mọ̀. Lateefah ló ní, "Ẹ lọ kọ́ tuntun jàre. Ṣé ẹ fẹ́ bá èéfín darúgbó ni?" Ó sì lọ kọ́ ọ. Bí wọ́n bá wá lé e níbi iṣẹ́, ta ni kó dá lẹ́bi?

Ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ ẹ̀ wọlé, tòun tàpótí irinṣẹ́ lọ́wọ́.

"Wọ́n ní kò dún."

"Kò dún lóòótọ́." Akínbíyìí jókòó. "Dagogo tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń bi mí pé, 'E don quench?', ṣé ó ti kú ni. Ẹ̀rọ sì ti ń yí. Ṣó o rí bọ́ílà yẹn, à ń jó gáàsì, à ń se omi, ọ̀pọ̀ ooru ẹ̀ ń bá èéfín lọ sójú ọ̀run. Èyí, iná wọlé, ó yí, ó tán. Gáàsì tá à ń jó dín kù, èéfín dín kù. Mo gbọ́wọ́ lé e, ó ń mí bí ọmọ tó sùn."

"Pẹ̀lú iná NEPA?"

"Ká ní NEPA ni, à bá ṣì máa fi tọ́ọ̀ṣì wá a. A ní ilé ẹ̀rọ amúnáwá tiwa, pẹ̀lú sólà."

"Kí wá ni Halimah gbọ́?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ariwo bọ́ílà ti sọ gbogbo wọn di aláriwo. Ẹni tí ò bá lọgun níbẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Lónìí, ibẹ̀ pa rọ́rọ́, wọn ò rántí pé kò sídìí láti lọgun mọ́. Ọ̀gá ń lọgun sí i, òun náà ń lọgun dá a lóhùn, àwọn méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ forí kanra.

"Ẹ sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gan-an."

Akínbíyìí dìde, ó lọgun bíi ti ọ̀gá, àwọn ará ilé sì yọjú:

"'Akínbíyìí, kó irinṣẹ́ bọ́ílà yẹn, máa gbé e lọ sílé, o ò nílò ẹ̀ mọ́. Lọ sinmi. Láàárọ̀ ọ̀la, ìwọ lo máa kọ́ àwọn tó kù bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ tuntun.'"