Bẹ́ǹṣì Tí Mo Fi Orúnkún Mi Wọ̀n

Káfíńtà tó mọṣẹ́ tó mi ò tíì wáyé. Tí mo bá gbé ayùn, igi á kọ́kọ́ kí mi kó tó gé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Káfíńtà Àgbáyé. Èmi náà ni mo kọ́kọ́ pe ara mi bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹnìkan ṣáà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kan, ojú ẹ̀ wú. Ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀ tó wà ní kíláàsì kìíní ni. Nílé, ọmọ yẹn lè sọ̀rọ̀ títí omi inú kòtò á fi gbẹ. Tó bá ti dé iléèwé, ẹnu ẹ̀ á pa dé bí ilẹ̀kùn báńkì lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Dákẹ́jẹ́ẹ́ làwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń pè é.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọ̀gá iléèwé ní tí kò bá kàwé sí òun létí kí wọ́n tó gba ọlidé, á tún kíláàsì yẹn ṣe. Tíṣà ẹ̀ ní inú yàrá ìkàwé wọn ló ń fún ọmọ náà lọ́rùn. Ó fẹ́ máa kọ́ wọn lábẹ́ igi, àmọ́ kò sí ìjókòó. Mo ti sọ fún un pé mo láàbúrò."

"O ò láàbúrò. Káfíńtà Àgbáyé lo ní."

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé wàá ṣe é àbí o ò ní ṣe é?"

Mo lọ wo yàrá náà. Fèrèsé kan ṣoṣo, páànù lórí. Ooru ibẹ̀ lè se ẹyin nínú àpò ẹni. Àwọn ọmọ há síbẹ̀ bí ìṣáná nínú páálí, ìdajì ń sùn, ìdajì tó kù ń jowú àwọn tó ń sùn. Dákẹ́jẹ́ẹ́ wà nídìí ògiri, ó dojú bo tábìlì. Abẹ́ igi lẹ́yìn iléèwé wá rè é, atẹ́gùn ibẹ̀ tutù débi pé díẹ̀ ló kù kí n tọrọ búláńkẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í fi téèpù wọn bẹ́ǹṣì. "Orúnkún káfíńtà ni ìwọ̀n," ló máa ń wí. O dúró ti igi, o fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí orúnkún ẹ dé, o gé e. Bí mo ṣe ṣe gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Ẹ má sì gbàgbé pé mo ga. Tí mo bá ń lọ lọ́nà, ẹyẹ á yà fún mi.

Ọlidé ku ọ̀la ni mo kó wọn dé. Tíṣà tò wọ́n sábẹ́ igi, ó ní káwọn ọmọ jókòó. Wọn ò jókòó, wọ́n gùn ún ni. Ẹsẹ̀ wọn ń fì dirodiro bí aṣọ tí wọ́n sá. Ọ̀kan já bọ́ sẹ́yìn, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ dànù, ó tún gùn ún.

Ọ̀gá iléèwé jáde, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Káfíńtà, ta lo ṣe èyí fún?"

"Àwọn ọmọ ni sà. Wọ́n ṣì máa dàgbà."

"Ó dáa. Kó wọn lọ. Tí wọ́n bá dàgbà tán, kó wọn padà wá. Tíṣà, ẹ kó àwọn ọmọ wọlé."

Tíṣà wo Dákẹ́jẹ́ẹ́, ó wò mí. Mo fa ayùn yọ. Mo gé ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì kan, ó dà sọ́tùn-ún. Mo gé ìkejì, ó dà sósì. Mo ń tún un ṣe títí ó fi di pátákó tí wọ́n fi ń gé ẹran. Ayùn náà ló ń ṣàìsàn.

Ẹnìkan fa ṣẹ́ẹ̀tì mi látẹ̀yìn. Dákẹ́jẹ́ẹ́ ni. Ó lóṣòó, igi tín-ín-rín wà lọ́wọ́ ẹ̀ tó ti fi gbẹ́ ihò.

"Bọ̀ọ̀dá, ilẹ̀ ibí rọ̀. Ẹ ri ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì mọ́lẹ̀."

Tíṣà fọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n. Lọ́jọ́ yẹn, àgbà ń sinmi.

"Ohun tí mo fẹ́ ṣe náà nìyẹn," mo wí.

Làwọn ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀. Wọ́n fi rúlà gbẹ́, wọ́n fi ìdérí ike gbẹ́, wọ́n fi èékánná gbẹ́. Àwọn tó máa ń sùn nínú yàrá ló ń gbẹ́ jù. Dákẹ́jẹ́ẹ́ ló ń pàṣẹ: "Ẹ tún gbẹ́ ẹ díẹ̀! Ó ti tó! Ìwọ, kúrò níbẹ̀!" Nígbà tí wọ́n jókòó, ẹsẹ̀ gbogbo wọn kanlẹ̀.

Ọ̀gá iléèwé na ìwé sí Dákẹ́jẹ́ẹ́. "Ó dáa, kà á."

"Ẹ jókòó ná, sà."

Ọ̀gá jókòó. Orúnkún ẹ̀ dé àgbọ̀n. Ọmọ náà kàwé. Ó kà á tán, ó ṣí òmíràn. Agogo lù, ọ̀gá fẹ́ dìde.

"Ó ku díẹ̀, sà."

Nígbà tó parí, èmi àti tíṣà la jọ fà á dìde.

"Bẹ́ǹṣì yìí kúrú jù," ọ̀gá ní.

"Orúnkún yín ló gùn, sà," mo fèsì.

Ó lọ kọ orúkọ ọmọ náà sí kíláàsì kejì. Tẹ́nikẹ́ni bá bi yín, èmi ni mo ronú àtiri ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì mọ́lẹ̀. Ọmọ yẹn á ní òun ni. Á sì sọ ọ́ fún gbogbo ayé, torí kò sẹ́ni tó lè pa á lẹ́nu mọ́ báyìí.