Ìbéèrè fún Aránṣọ

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ìyá òǹkọ̀wé dáhùn ìbéèrè tí ọmọ rẹ̀ ń bi ẹni tí kò sí.

Àga onígi kan ni ọmọ náà dojú kọ, kò sì sí ẹni tó jókòó sórí rẹ̀. Bó ṣe ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn láti ọdún méjìlá tó ti ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Bó bá fẹ́ mọ ẹni tí yóò fi sínú ìwé, á gbé àga síwájú, á mú kí ohùn rẹ̀ ki bíi ti ọ̀gá ọlọ́pàá, á sì máa bi àga náà léèrè ọ̀rọ̀. Kì í béèrè bóyá ẹyinjú ẹni náà ń tàn bí ìràwọ̀. Kò rí ohun tí ìràwọ̀ fẹ́ bá a ṣe. Ohun tí ọwọ́ ẹni náà ṣe ló máa ń béèrè. Ó gbà pé kò sí ẹni tí kò lè pànìyàn. Ohun tí èèyàn bá ṣe ní wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀ ló máa fi irú ẹni tó jẹ́ hàn. Orí ìyẹn ni ìwé rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dá lé.

Ìwé keje ló há sí i lọ́wọ́. Nínú rẹ̀, aránṣọ kan bu oògùn eku sínú tíì ọkọ rẹ̀, ọkọ mu ún, ó kú. Olóòtú ìwé ti pe òǹkọ̀wé lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Aránṣọ rẹ yìí ò tíì láàyè o. Ó kàn ń rọ̀ dirodiro bí ẹ̀wù lórí hángà."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀, o mọ̀. Oṣù mẹ́ta rèé tóo ti ń mọ̀."

Ìdí nìyẹn tó fi jókòó síwájú àga. "Màmá, ẹ fara balẹ̀," ló wí, torí ọlọ́pàá inú ìwé rẹ̀ kì í rí àgbà fín. "Nígbà tí ọkọ yín ṣubú, kí lẹ kọ́kọ́ ṣe?"

"Mo pa iná lábẹ́ omi tí mo gbé kaná."

Gbogbo irun ara rẹ̀ dìde. Ó wo àga. Kò sẹ́nì kankan lórí rẹ̀. Ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó yé e pé yàrá ẹ̀yìn ni ohùn náà ti wá, lódì kejì kọ́tìnì, níbi tí ìyá rẹ̀ máa ń jókòó sí lẹ́bàá fèrèsé látàárọ̀ dalẹ́.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni màmá. Iyè rẹ̀ ti ń já díẹ̀díẹ̀. Ó lè pe ṣíbí ní bàtà, ó sì lè bínú bí wọn ò bá bá a mú bàtà náà wá kó fi jẹun. Ṣùgbọ́n kò tíì ṣi ọmọ rẹ̀ mọ̀ rí. Bó bá ti rí i báyìí, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Oníbéèrè mi dé," torí láti kékeré lọmọ náà kì í yéé béèrè ọ̀rọ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù láàárín àwọn méjèèjì nìyẹn, ọmọ náà ò sì fẹ́ kó bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

Ó yẹ kó dìde lọ wò ó. Kò dìde. Ìwé ló fà mọ́ra, ó kọ ọ́ sílẹ̀: Ó pa iná lábẹ́ omi. Láti oṣù mẹ́ta, kò tíì kọ ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀.

"Lẹ́yìn náà ńkọ́, màmá?"

"Mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì dáadáa. Àwọn èèyàn máa tó wọlé. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ní mo dọ̀tí."

Ó kọ ìyẹn náà.

Kò pẹ́ tí olùtọ́jú màmá fi wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, aṣọ tútù kún apá rẹ̀. Obìnrin gbọ̀ngbọ̀nràn tí kì í fi ọ̀rọ̀ sínú ni.

"Àǹtí, ọkùnrin wo ló wà ńbí?"

"Kò sọ́kùnrin kankan. Èmi ni."

"Ẹ̀yin kẹ̀! Mo ti ní ọkùnrin ti wọ ilé yìí níkẹyìn, mo ti ń wá pọ́dà kiri." Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ yẹ màmá wò. Nígbà tó padà jáde, ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni màmá bi mí bóyá ọlọ́pàá ti lọ. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ohùn yẹn mọ́ nínú ilé. Ọpọlọ wọn ò lè gbé e."

"Mo ti gbọ́."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ó fi gbogbo ọjọ́ kejì sílẹ̀, kò kọ ọ̀rọ̀ kan. Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí olùtọ́jú jáde lọ ra ọṣẹ, ó gbé àga náà sún mọ́ kọ́tìnì.

"Màmá, kí ló wà lọ́wọ́ ọkọ yín nígbà tó ṣubú?"

"Kò sí nǹkan kan." Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni èsì dé, bí ẹni pé wọ́n ti ń dúró de ìbéèrè náà. "Ó ń nawọ́ ni. Èémí ò wọlé fún un mọ́. Ó ń nawọ́ sí oògùn tó máa ń fín sẹ́nu."

Òǹkọ̀wé dáwọ́ dúró. Oògùn eku ló pa ọkọ aránṣọ. Kò sí ibi tí òun ti kọ ọ́ pé èémí kan ò wọlé.

"Ibo ni oògùn yẹn wà?"

"Ọwọ́ mi." Ohùn màmá rọlẹ̀, ó já gaara, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan pè. "Mo tì í bọ inú àpò ẹ̀wù mi. Mo dúró. Kò pẹ́ rárá. Ọmọ ń sùn lórí tìmùtìmù, ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan ló wọ̀."

Aránṣọ ò bímọ nínú ìwé.

Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé mọ ìbọ̀sẹ̀ náà. Ẹni ọdún méje ló jẹ́ nígbà náà. Ó jí, ilé kún fún èèyàn, bẹ́ẹ̀dì wà ní títẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì wà níhòòhò. Wọ́n ní ikọ́ fée tí kì í jẹ́ kó mí dáadáa ti pa bàbá òun. Ohun tóun náà ń sọ fún èèyàn láti ọdún mẹ́rìndínlógójì nìyẹn.

Ó lè dákẹ́ níbẹ̀. Ó lè ká kọ́tìnì, kó fi ohùn ara rẹ̀ kí ìyá rẹ̀, kí màmá sì rẹ́rìn-ín sí i. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ọlọ́pàá ò jáde rí láìbéèrè ìdí, ìdí náà nìkan ni kò tíì sí nínú ìwé ọwọ́ rẹ̀.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ṣe é, màmá?"

Ó gbọ́ èémí màmá lẹ́yìn aṣọ, bí ẹni pé ó ti sún mọ́tòsí.

"Ó ti di ẹrù ọmọ mi. Ó ní òun ń mú un lọ sọ́dọ̀ obìnrin kejì tílẹ̀ bá mọ́, pé mi ò ní fojú kàn án mọ́ láyé. Ó fi okùn so àpótí ẹrù náà lójú mi. Ẹ̀yin náà, ọ̀gá, kí lẹ̀ bá ṣe?"

Òǹkọ̀wé gbé bírò kúrò lórí ìwé.

"Ẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó dé," ni màmá wí. "Ojoojúmọ́ ni mo ń retí yín."

Ọmọ náà fa kọ́tìnì. Ìyá rẹ̀ dúró síbẹ̀ gan-an, ojú kojú. "Màmá, èmi ni. Èmi ni o."

Màmá wo ojú rẹ̀. Ó wo ìwé àti bírò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó so aṣọ ìdí rẹ̀ le, ó di ògiri mú, ó sì kúnlẹ̀ fún ọmọ tó bí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ náà gbọ́."

Ilẹ̀ ni olùtọ́jú bá àwọn méjèèjì, ọmọ ń bẹ ìyá pé kó dìde, ìyá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣàánú òun. Kò bi wọ́n ní nǹkan kan. Ó gbé ọṣẹ sílẹ̀, ó gbé màmá dìde.

Ìwé náà jáde. Omi tí wọ́n gbé kaná wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀. Òǹkọ̀wé ò kọ ọ̀rọ̀ ọmọ sí i. Olóòtú ní aránṣọ ti wá ń mí báyìí, pé òun ò mọ ibi tí òǹkọ̀wé ti rí i.

Oṣù mọ́kànlá ni màmá tún lò láyé. Bí ọmọ rẹ̀ bá ti wọ yàrá, á dìde dúró, á sì kó ọwọ́ sẹ́yìn. Olùtọ́jú nìkan ló ń bọ́ ọ. Ọmọ rẹ̀ á gbé oúnjẹ dé ẹnu ọ̀nà, á gbé e fún olùtọ́jú, á sì dúró sẹ́yìn kọ́tìnì láìfọhùn títí ìyá rẹ̀ á fi jẹun tán.