Ọgbọ̀n Ìṣẹ́jú Àáyá

Ohùn tí kì í kúrò létí Abdulmateen ni ti àwọn ọmọ ilé kéwú bàbá rẹ̀, ní agboolé wọn lẹ́yìn Ọjà-Ọba, nígbà tí Ìlọrin kò tíì fẹ̀ tó báyìí. Ogún ọmọ á máa ké ohun tó wà lórí wàláà, pákó ìkọ̀wé wọn, pa pọ̀, ariwo á kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ti oyin. Lójijì, ọ̀pá bàbá á ba ẹní: pó! Ọmọ kan ti fo ìlà kan nìyẹn. Kò sí ẹni tó ń fọ wàláà rẹ̀ láti kọ ẹ̀kọ́ mìíràn sí i láìjẹ́ pé ó ti ké e já geere.

Abdulmateen dàgbà, ó di akọ̀wé ọ́fíìsì ìjọba ní GRA, ikùn sì yọ síwájú. Kọ́lápọ̀, olùkọ́ eré ìdárayá tó jẹ́ ọmọ Ọ̀mù-Àrán, ló ní kí ó wá kọ́ bí èèyàn ṣe ń fi ọwọ́ méjèèjì dúró, ẹsẹ̀ lókè.

"Èmi? Pẹ̀lú ikùn yìí?"

"Ikùn kọ́ la fi ń dúró, Mateen. Sùúrù ni."

Oṣù kan gbáko, ọwọ́ nílẹ̀, ẹsẹ̀ nílẹ̀, ẹ̀yìn gún bíi pákó. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ gun orí àga. Ìgbà tó yá ló kọjú sí ògiri, tó ń fi ẹsẹ̀ gùn ún díẹ̀díẹ̀ títí àyà rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Òfin Kọ́lápọ̀ kò yẹ̀: ẹni tí kò bá dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá lẹ́ẹ̀mẹta láìgbọ̀n, kò gbọdọ̀ kúrò ní ìpele tó wà. Òfin yẹn kò ṣàjèjì sí Abdulmateen. Inú irú rẹ̀ ni wọ́n bí i sí.

Hassan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ránṣọ, fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ṣé o fẹ́ kí aláǹgbá máa pè ọ́ ní bọ̀ọ̀dá ni?"

"Ó sàn ju tìrẹ lọ, tí ìrọ̀rí ń pè ní ọkọ."

Àfi bí wọ́n ṣe gbé iṣẹ́ Kọ́lápọ̀ lọ sí Ọ̀mù-Àrán. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá tó ń kọ́ ní Malete lọ́jọ́ Sátidé kò ní ní olùkọ́ mọ́.

"Ìwọ ni mo fẹ́ fi wọ́n lé lọ́wọ́," ló wí. "Fi fídíò ránṣẹ́ kó tó di Jímọ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, láìsí ògiri."

Kò sí ohun tó wu Abdulmateen tó bẹ́ẹ̀ rí. Nínú ilé tí gbogbo ọkùnrin ti jẹ́ olùkọ́, òun nìkan ló ń gbé fáìlì kiri.

Ní Mọ́ńdè, ó ṣubú ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ. Ní Túsìdeè, mọ́kànlá. Ní Tọ́sìdeè, lẹ́yìn ìrun Alásárì, ó pe Hassan. Bí Abdulmateen ṣe gbé ẹsẹ̀ sókè níwájú fóònù tó ń ya fídíò, Hassan fara pa mọ́ sẹ́yìn igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, ó fi ìka méjì péré di etí ṣòkòtò ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú. Ọgbọ̀n pé.

"Wàláhì, kò sẹ́ni tó máa mọ̀," Hassan wí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Sakinah, ìyàwó Abdulmateen, gba fóònù náà, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Ó tún un wò, ẹ̀rín náà dúró.

"Baba Zahrah, òjìji ọwọ́ ta nìyí nílẹ̀?"

"Ti Hassan."

"Ṣé Hassan á máa bá yín lọ sí Malete ni?"

Abdulmateen na ọwọ́ láti gba fóònù náà.

"Ọmọ ọlọ́mọ á wo èyí, á ní òun náà á ṣe é. Ta ló máa di ẹsẹ̀ tirẹ̀ mú?" Sakinah dá fóònù padà fún un, ó wọlé lọ ro ọbẹ̀.

Abdulmateen jókòó sídìí igi, ìka rẹ̀ lórí fóònù. Ó ń rí ọmọ kan lọ́kàn rẹ̀ tó fi ọrùn ọwọ́ ṣubú lulẹ̀, tó ń ké fún ìrora. Ó pa fídíò náà rẹ́. Ó gbé fóònù ti bíríkì, ó tún gbé ẹsẹ̀ sókè, òun nìkan. Mẹ́tàlá ló kà kó tó wó lulẹ̀. Èyí ló fi ránṣẹ́ sí Kọ́lápọ̀, ó sì kọ ọ́ tẹ̀ lé e pé:

"Ẹ̀gbọ́n, mẹ́tàlá ni agbára mi dé. Mo fẹ́ tàn yín jẹ tẹ́lẹ̀, mo ti pa ìyẹn rẹ́. Bí ẹ bá rí ẹlòmíì, ẹ fi wọ́n lé e lọ́wọ́. Bí ẹ ò bá rí, mo lè kọ́ wọn dé ìdí ògiri, torí ibẹ̀ dá mi lójú. Èmi pẹ̀lú wọn á wá jọ kọ́ ìyókù."