Abọ́ Mẹ́ta Zanetta

3.

…torí náà, iṣẹ́ tèmi ni kí n gé, iṣẹ́ Ọ̀gá Ludovico ni kí wọ́n kà. Wọ́n á jókòó sórí àga gíga lókè, pẹ̀lú Ìwé àwọn oníṣègùn àtijọ́. Èmi á wà nísàlẹ̀, pẹ̀lú ọ̀bẹ àti òkú. Ẹnu wọn ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń wò. Kò sẹ́ni tó ń wo ọwọ́ mi.

Ọdún mọ́kànlélógún.

4.

Ìwé ní egungun àgbọ̀n ènìyàn jẹ́ méjì. Ọwọ́ mi ò bá ju ẹyọ kan lọ rí.

Mo panu mọ́. Onígbàjámọ̀ lásán ni mí. Mò ń fárí, mò ń gba ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn. Ta ni mo jẹ́ tí màá ní Ìwé purọ́?

5. Ohun tí Ìwé sọ nípa ẹ̀jẹ̀ (mo mọ̀ ọ́n lórí)

Oúnjẹ ló ń di ẹ̀jẹ̀.
Ẹ̀dọ̀ ló ń sè é lójoojúmọ́.
Ara á lò ó tán.
Èyí tí a bá gbà lónìí, ẹ̀dọ̀ á se òmíràn lọ́la.

6. Zanetta, ọmọ mi kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ibà.

Ọjọ́ Ajé: abọ́ ẹ̀jẹ̀ kan. Ọ̀gá Ludovico ló pàṣẹ, èmi ni mo gbà á.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: abọ́ kan. Zanetta ní ọwọ́ mi tutù. Ó rẹ́rìn-ín.
Ọjọ́rú: abọ́ kan.
Ọjọ́bọ̀:

7. Ọjọ́rú, bí mo ṣe rántí rẹ̀

MENEGA, ÌYÁWÓ MI: Bàbá Zanetta, ó tó.
ÈMI: Mẹ́ta ni ọ̀gá sọ.
MENEGA: Ṣé ọ̀gá rí ọmọ yìí ni? Ẹ wo ètè rẹ̀.
ÈMI: Fún un ní ọbẹ̀ ẹ̀dọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tuntun á ti wà kílẹ̀ ó tó mọ́.
ZANETTA: Màmá, ẹ jẹ́ kí Bàbá ṣiṣẹ́ wọn.
MENEGA: Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ kúkú mọ̀ ọ́n.

Òun ló gbé abọ́ náà lọ dà sídìí igi ọ̀pọ̀tọ́ ẹ̀yìnkùlé.

8.

Àjàkálẹ̀ àrùn kó ìdajì àdúgbò wa lọ lọ́dún tó ṣáájú. Kò fọwọ́ kan Zanetta.

9.

Menega ò mọ ohun tó máa pè mí mọ́. Bàbá ta? "Ẹ gbọ́" ló ń sọ báyìí.

10. ÌKÉDE, LÉNU ILẸ̀KÙN ILÉ Ẹ̀KỌ́

Ọ̀gá Ludovico ti fẹ̀yìn tì.
Ọ̀gá Tiberio ni yóò máa kọ́ni nípa ara ènìyàn.
Kò ní jókòó sórí àga. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi gé.
Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó sọ̀kalẹ̀ wá fọwọ́ kàn án.

11. Ọjọ́ àkọ́kọ́. Egungun àgbọ̀n ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́.

TIBERIO: Mélòó ni?
AKẸ́KỌ̀Ọ́: Ẹyọ kan.
TIBERIO: Bàbá Bortolo, ó jọ pé ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.
ÈMI: Ó ti pẹ́, ọ̀gá.
TIBERIO: Kí ló dé tẹ́ ò sọ?
ÈMI: Ẹnikẹ́ni ò bi mí.

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rín in. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

12. Àná

Ọ̀gá Tiberio fi ọ̀já so apá mi le dan-in dan-in, kí wọ́n lè rí bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe ń wú. Ó ní ká ka iye ìgbà tí ọkàn ń lù. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde láàárín wákàtí kan wúwo ju odidi ènìyàn lọ, oúnjẹ wo ló lè di gbogbo ìyẹn? Ó ní kì í tán, kì í sì í ṣe tuntun. Ó ń lọ, ó ń yí padà wá.

Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni.

13.

Abọ́ mẹ́ta. Kò sí òmíràn lórí iná.

1 àti 2. (Mo fo èyí níbẹ̀rẹ̀.)

Kí n tó gbé abọ́ kẹta, mo ti mọ̀ pé Ìwé lè ṣì í. Ọwọ́ mi mọ̀. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

14.

Igi ọ̀pọ̀tọ́ náà so gan-an lọ́dún yìí. Menega ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ká a.

15. Lọ́sàn-án òní, nídìí àwo polẹ́ńtà, ọkà àgbàdo wa

MENEGA: Ẹ gbọ́, kí ló dá àpá sí yín lápá báyìí?
ÈMI: Ọ̀já ni. Ọ̀gá tuntun ló so ó.
MENEGA: Nítorí kí ni?
ÈMI: Ó ń kọ́ wa nípa ẹ̀jẹ̀.
MENEGA: Kí ló ní ó jẹ́?
ÈMI:
MENEGA: Mo ní kí ló ní ó jẹ́, Bàbá Zanetta?
ÈMI: