Koríko Àhmádù

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, ewé koríko kan láàárín ìka mi méjì, nígbà tí Alfa ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́, kí wọ́n jẹ́ kí n fara balẹ̀ wò ó. Wọ́n dákẹ́. Èèyàn bí ogún ló dúró yí ilẹ̀ náà ká ní àdúgbò Fate lọ́sàn-án Sátidé yẹn, wọ́n ń wo ọwọ́ mi bí ẹni pé dókítà ni mí. Kò sí ohun tí mo tún fẹ́ wò. Láti ìgbà tí mo ti bọ́ bàtà tí mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ mi ni. Àbdùlgàfárù lorúkọ mi, ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń gbin koríko sí ọgbà àwọn olówó ní Ìlọrin, èmi náà ni mo sì máa ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má gba ojú wọn gbọ́, nítorí tí èèyàn bá gé koríko bàhámà àti koríko Mànílà kanlẹ̀ tán, ojú ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ dáadáa. Ọwọ́ ló mọ̀ wọ́n. Ewé bàhámà rọ̀. Ewé Mànílà le, ó máa ń dúró gan-an, ó sì máa ń gún èèyàn látẹ́lẹsẹ̀. Tí wọ́n bá yọ orí, kò sí àríyànjiyàn rárá: orí bàhámà máa ń pín bí ẹsẹ̀ ẹyẹ, ti Mànílà kì í pín. Ṣùgbọ́n eléyìí ò lórí kankan. Ẹnì kan ti gbé ẹ̀rọ gé e mọ́lẹ̀ lánàá.

Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ lẹ́nu mi ò pọ̀: ṣé bàhámà ni àbí Mànílà. Bàhámà máa ń dá hù. Ó wà létí títì, ó wà nínú itẹ́ òkú, kò sí ibi tí kì í dé. Mànílà kì í dá hù níbí. Àfi kí èèyàn fọwọ́ gbin gbòǹgbò rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, kó bomi rin ín, kó sì ní sùúrù, torí kì í tètè tàn.

Àhmádù ní sùúrù. Olùkọ́ ni, àìsàn kíndìnrín ló pa á ní oṣù márùn-ún ṣáájú ọjọ́ yẹn. Kí bàbá Àhmádù tó kú, ẹnu lásán ló fi pín ilẹ̀ náà fáwọn ọmọ rẹ̀, kò síwèé. Ó ní ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan kan sórí tirẹ̀, tirẹ̀ ni títí láé. Èyí tó bá ṣì wà ní igbó, kó padà sọ́wọ́ àkọ́bí. Àkọ́bí náà ni Alájì Àlàó. Àhmádù ò lówó ilé, ló bá gbin koríko síbẹ̀. Àwọn aládùúgbò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ní ọkùnrin yìí ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kó tó mọ ibi tí ògiri máa wà. Ọdún mẹ́fà ló fi tọ́jú rẹ̀ kó tó kárí.

Nígbà tó wá kú, Alájì ní igbó ni, koríko tó dá hù ni. Àwọn aládùúgbò tó fi Àhmádù ṣe yẹ̀yẹ́ ò rántí mọ́ bóyá gbígbìn ló gbìn ín tàbí gígé ló ń gé e. Ta ló fẹ́ wá wàhálà Alájì? Ummu Kulthum, opó Àhmádù, ló bẹ Alfa pé kí wọ́n pe ẹni tó mọ koríko. Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tó parí opó. Ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́rùn rẹ̀, onílé sì ti ní kí wọ́n kó jáde nínú yàrá tí wọ́n háyà. Ilẹ̀ yẹn nìkan ni Àhmádù fi sílẹ̀. Alfa gbà fún un, Alájì náà gbà, Alájì ló sì dárúkọ mi.

Ó ti kọ́kọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn. Kò fún mi ní kọ́bọ̀, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ó jókòó, ó mu omi, ó ní òun ń kọ́ ilé méjìlá sọ́nà pápá ọkọ̀ òfurufú, iwájú gbogbo wọn ló sì máa gba koríko.

"Gàfárù," ó ní, "ìwọ náà mọ̀ pé koríko ni koríko."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alájì."

"Kí Allah fi àlùbáríkà sí i." Ó dìde, ó lọ. Láti ìgbà tí mo ti dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ni mo ti ń wá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Gàfárù, kí lo rí?" Alfa bi mí níbi tí mo kúnlẹ̀ sí ní Fate.

Mo dìde, mo gbọn eruku orúnkún mi. "Bàhámà ni, Alfa."

"Ṣé ó lè dá hù?"

"Ó máa ń dá hù."

Ummu Kulthum kúrò láàárín àwọn obìnrin, ó wá síwájú mi. Kò pariwo. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò. Jos ló ti gbé e wá, inú àpò ìrẹsì ló wà. Èmi ni mo ń tú gbòǹgbò ẹ̀ fún un, tó ń gbìn ín. Ẹ tún un wò, nítorí Ọlọ́run."

Mo tún kúnlẹ̀. Mo já ewé mìíràn, mo ká a, ó gún mi. "Bàhámà ni, ìyá."

Mo rò pé àyà mi máa já, tàbí pé ojú á tì mí. Kò sí nǹkan kan tó ṣe mí. Ebi ló ń pa mí. Alfa mí kanlẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ti parí, ó sì ṣe fàtíhà. Àmín Alájì ló ròkè jù. "Ìyàwó," ó sọ fún Ummu Kulthum, "a ò ní ta yín nù. Ẹbí ni wá." Lẹ́yìn náà, mo lọ jẹun.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Alájì pè mí lórí fóònù. "Gàfárù, àwọn bírikìlà ń bọ̀ wá gbẹ́ ìpìlẹ̀ sí Fate lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Tètè lọ hú koríko yẹn kí wọ́n tó bà á jẹ́. Iwájú ilé tí mò ń gbé ni kó o gbìn ín sí. Ojúlówó Mànílà ni, ibo lo ti fẹ́ rí irú ẹ̀ rà? Ọdún mẹ́fà ni àbúrò mi fi tọ́jú ẹ̀, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ."

Kò rẹ́rìn-ín, kò sì dín ohùn rẹ̀ kù. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa àga tí àbúrò rẹ̀ fi sílẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́.

Jummai, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Ìpàtà, ló máa ń bá mi wá àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ àgbàṣe. Obìnrin márùn-ún ló kó wá lọ́jọ́ tí a fẹ́ gbin koríko náà, Ummu Kulthum sì wà nínú wọn. "Ọ̀gá, ẹ ò ní láti kọ́ eléyìí níṣẹ́," Jummai ń fọ́nnu. "Ó ní òun ti gbin irú ẹ̀ rí."

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá," Ummu Kulthum kí mi. Ó so híjáàbù rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú gbòǹgbò. Mo lè ní kó máa lọ sílé. Mo lè bẹ̀ ẹ́. Mo lọ wo ibi tí wọ́n máa so ẹ̀rọ omi mọ́.

Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, ilà tirẹ̀ ló gún jù. Alájì jáde, ó ń lọ sí mọ́sáláṣí, ó rí i, ó dúró. "Ìyàwó, ìwọ rèé? Ó kúkú dáa, ju kó o jókòó sílé máa ronú lọ." Ó yíjú sí mi. "Gàfárù, jẹ́ kó máa wá bomi rin ín láràárọ̀. Ilé wa náà ni."

"Ẹ ṣé, Alájì," Ummu Kulthum wí lórí ìkúnlẹ̀ tó wà, àwọn obìnrin tó kù sì ń kí i kú oríire.

Àtìgbà yẹn ló ti ń wá. Nafisah, ọmọ rẹ̀ àgbà, ti fi iléèwé sílẹ̀, òun ló ń mójú tó àwọn àbúrò rẹ̀ nílé tí ìyá wọn bá ti jáde. Yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Jummai ni wọ́n ń sùn. Koríko náà ti ń tàn. Èmi náà máa ń yà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, torí mo ti ń ṣe ilé kẹrin nínú méjìlá tí Alájì ń kọ́.

Lọ́jọ́ Túsìdeè tó kọjá, mo ń wọlé bọ̀ nígbà tí mo rí ẹnjiníà kan, Láyíwọlá, ọ̀rẹ́ Alájì tó ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ pa koríko. "Ìyá, koríko wo rèé?" ó bi Ummu Kulthum. "Irú ẹ̀ ni mò ń wá."

"Bàhámà ni, sà." Ó nawọ́ sí mi. "Ọ̀gá tó mọ koríko ló ń bọ̀ yẹn. Ẹ bi wọ́n."

"Bàhámà kẹ̀? Ó le ju bàhámà lọ o." Ọkùnrin náà gbójú sókè. "Ọ̀gá, ṣé bàhámà ni lóòótọ́?"

Ummu Kulthum mú rọ́bà gígùn tó fi ń bomi rin koríko dání, omi ń dà sí i lẹ́sẹ̀, ó ń wò mí. Kò wò mí tìbínú-tìbínú. Ó kàn ń retí ohun tí mo máa sọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," mo dáhùn. "Bàhámà ni."

Ó rọrùn láti sọ ju ti Fate lọ. Ẹnjiníà Láyíwọlá fọwọ́ nu ṣòkòtò, ó wọlé lọ bá Alájì. Ummu Kulthum wọ́ rọ́bà omi rẹ̀, ó sún síwájú.