Zùlàíkhà Tó Wà Nínú Igbó

Ta ló ń sọ erin ní orúkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀? Mujeeb ni.

Ó kúrò ní Kumasi lọ sí Zambia láti bá àwọn tó ń dáàbò bo erin inú igbó ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ó ní òun kò ní pẹ́, pé òun á ti dé kí ọjọ́ yìgì àwọn tó kò. Kò tíì mọ ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa tí abo erin kan tí wọn ò rí rí fi wá mumi létí odò, wọ́n sì ní kí Mujeeb sọ ọ́ lórúkọ. Nínú gbogbo orúkọ tó wà láyé, Zùlàíkhà ló rí mú. Ó ya àwòrán rẹ̀, ó fi sórí fóònù kí gbogbo ayé rí i, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé olólùfẹ́ òun nìyí.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwòrán ti yí Moshie Zongo, àdúgbò àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n ń gbé ní Kumasi, ká. Àwọn obìnrin ìdí ẹ̀rọ omi ń bi Zùlàíkhà bóyá ó ti jẹ koríko. Àwọn ọmọ ilé kéwú bàbá rẹ̀, Alfa Hàbíbùlláhì, ń na apá síwájú imú bí ọwọ́jà tó bá ti ń kọjá. Ní Anloga Junction, níbi tí Zùlàíkhà ti ń rán aṣọ àga, Godfred, káfíńtà tó ni ṣọ́ọ̀bù, kò jẹ́ kó rímú mí.

"Zulaikha, chale, your sister chop today?"

Zùlàíkhà pe Mujeeb pé kó yáa yí orúkọ náà padà. Ẹ̀rín ni Mujeeb ń rín.

"Mo fi pọ́n ọ lé ni, Àyọ̀kẹ́," ó fi oríkì rẹ̀ pè é.

"Pọ́n mi lé? Ṣé o wo ẹsẹ̀ rẹ̀?"

"Ó rẹwà, wallahi."

Kí lèèyàn máa fi irú ọkùnrin yìí ṣe? Zùlàíkhà sì fẹ́ràn rẹ̀, ìyẹn ló tún ń bí i nínú jù. Bẹ́ẹ̀dì ìgbéyàwó wọn ti wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Godfred, ọ̀dà rẹ̀ ti gbẹ, ó ń dán.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n so yìgì ni Mujeeb pè é. Ojú rẹ̀ pọ́n. Wáyà tí àwọn ọdẹ dẹ sínú igbó ti gé erin náà lẹ́sẹ̀. Ó yí fóònù kí Zùlàíkhà rí i: erin dúró lábẹ́ igi, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, kò jẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Dókítà ẹran ti tú wáyà náà, àmọ́ wọ́n ní láti máa ṣọ́ ọ títí egbò á fi jinná, torí àwọn ọdẹ ò tíì jìnnà. Omi bọ́ lójú Zùlàíkhà. Inú tún bí i pé òun ni òun ń sunkún nítorí erin.

"Mi ò ní lè wálé báyìí," Mujeeb wí. "Ṣùgbọ́n kò sí wàhálà. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Àbdùssàlàm, á dúró fún mi níbi yìgì. Ẹ̀sìn gbà á."

Ẹ̀sìn gbà á lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin Zongo ni ẹ̀gbọ́n ọkọ ti jókòó gba yìgì wọn nígbà tí ọkọ wà ní Libya tàbí Italy. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ni àwọn ọkọ yẹn wá lọ! Erin ni tirẹ̀ ń ṣọ́.

"Ṣé kò sẹ́lòmíì tó lè ṣọ́ ọ ni?"

"Wọ́n pọ̀. Ọkàn mi ni kò ní balẹ̀."

"Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ ò kúkú ṣàìsàn."

Zùlàíkhà pa fóònù. Ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé èyí kò tẹ́ òun lọ́rùn. Bàbá ní kó ṣe sùúrù, pé àlejò ti ń bọ̀ láti Ìlọrin.

Lọ́jọ́ yìgì, àwọn àlùfáà kún àgbàlá. Àbdùssàlàm wọ aṣọ funfun, ó jókòó sáàyè ọkọ, ó ń làágùn. Bàbá wọ yàrá tọ ọmọ rẹ̀ wá pẹ̀lú àwọn àgbà tó máa ṣe ẹlẹ́rìí. Ohun tí wúńdíá ń ṣe tí wọ́n bá wá bi í kò ṣòro: á bojú, á dákẹ́, ìdákẹ́ rẹ̀ ni wọ́n á gbà pé ó ti gbà.

"Zùlàíkhà, ṣé kí n fi ọ́ fún Mujeeb?" Kí Bàbá tó sọ ọ́ tán, ó ti ń yíjú sẹ́nu ọ̀nà.

"Rárá, Bàbá."

Ariwo ta láàárín àwọn obìnrin. Bàbá yí padà.

"Subhanallahi! O ò fẹ́ ẹ mọ́ ni?"

"Mo fẹ́ ẹ. Kó tọ́jú erin rẹ̀ kó san, mi ò bá a jà. Àmọ́ ẹ bá mi sọ fún Bọ̀dá Àbdùssàlàm kí wọ́n dìde níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mi, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá jókòó."

Bàbá jáde sí àgbàlá, ó fọwọ́ kan Àbdùssàlàm léjìká, ó sì ní kó dìde. Àbdùssàlàm dìde. Ààyè ọkọ wá ṣófo lójú gbogbo èèyàn, bó ti yẹ kó ṣófo láti àárọ̀.