Ìdajì Owó Bàbá Jẹ́jẹ́

"Jẹ́jẹ́," ni bàbá náà ń sọ fún ọwọ́ ara rẹ̀. "Jẹ́jẹ́, kò sẹ́ni tó ń lé wa."

Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ihò onígun mẹ́rin kan tó jìn dé ìbàdí, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbá erùpẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ ilé tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ mọ́ láti ayébáyé. Ìkùukùu òwúrọ̀ ṣì bo gbogbo àyíká. Katakata tó wà lẹ́bàá ibẹ̀ dà bí erin tó sùn lọ lórí ìdúró. Lábẹ́ búrọ́ọ̀ṣì, ilé náà ń jáde díẹ̀díẹ̀: amọ̀ pupa tí wọ́n fi ọwọ́ rẹ́ títí tó fi ń dán, ojú ààrò tí iná ti sọ di dúdú, àti níbi tí ẹnu ọ̀nà ti ní láti wà, kòtò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ẹsẹ̀ àwọn tó ń wọlé tó ń jáde ti jẹ. Bàbá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé kòtò náà. Ó ṣe é bí ẹni pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Ó tilẹ̀ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó má baà dí onítọ̀hún lọ́nà.

Awalẹ̀pìtàn ni. Kí ilé-iṣẹ́ tó kọ́ ilé ńlá sórí ilẹ̀, òfin ní kí irú rẹ̀ kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn ará àtijọ́ fi sílẹ̀ sábẹ́ ibẹ̀. Kò sí ọ̀gá tó gbà á síṣẹ́ títí lọ. Ó ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe ni. Bí ọ̀kan bá tán, yóò wá òmíràn lọ, nígbà mìíràn kò ní rí i fún oṣù mélòó kan. Àwọn bíríkìlà ń pè é ní Bàbá Jẹ́jẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ tó kún ẹnu rẹ̀ nìyẹn. Ṣọ́bìrì tirẹ̀ ni, bàtà òjò tirẹ̀ ni, owó ọkọ̀ tirẹ̀ ni. Bí òjò bá rọ̀, kò sówó. Bí ara rẹ̀ kò bá yá, kò sówó. Orúnkún rẹ̀ sì ti ń ké lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́ fún?

Máníjà ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́lé síbẹ̀ yọ láti inú ìkùukùu, akoto funfun lórí. Ọ̀dọ́kùnrin ni.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

"Ẹ ṣé o, ọ̀gá. Ẹ rọra tẹ etí ihò yẹn, ilé onílé ni."

Máníjà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́ lójú rẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Iṣẹ́ yín níbí máa parí lónìí. Láti ọ̀tunla lọ, ẹlòmíràn ló máa ṣe ìyókù."

"Báwo? Yàrá kan ṣì wà lábẹ́ ibi tí ẹ dúró sí yẹn."

"Mo mọ̀. A ti rí ọ̀dọ́ kan tó máa gba ìdajì owó yín, ó sì kàwé dáadáa. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa. Ara yín lẹ ń ṣiṣẹ́ fún."

Bàbá Jẹ́jẹ́ wo orúnkún ara rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. "Ṣé ara mi ló máa ni ilé tí ẹ fẹ́ kọ́ síbí náà?" ló béèrè. Ṣùgbọ́n máníjà ti yí ẹ̀yìn padà.

Ẹsẹ̀ ló fi rìn lọ sílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí ẹni tó ń rìn lójú oorun. Bó ti ń kọjá lójú títì, kì í ṣe ọ̀dà ló ń rí. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ń rí, ilé lórí ilé, ààrò lórí ààrò, àwọn ènìyàn tó ti sùn tipẹ́ tí wọ́n sì ń yí ẹ̀gbẹ́ padà lábẹ́ bàtà rẹ̀. Ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ jù, wọ́n lè jí.

Ẹ̀rín ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé, ń fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ kiri pálọ̀. Bàbá ti bẹ ọmọ yìí títí pé kó kọ́ iṣẹ́ mìíràn, ṣùgbọ́n ẹni bíni là á jọ; ìwalẹ̀pìtàn náà ló lọ kọ́.

"Bàbá mi! Mo ti ríṣẹ́ o!"

"Níbo?"

"Níbi tí wọ́n fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù ńlá sí, lẹ́yìn oríta. Wọ́n ní ó ti rẹ ẹni tó ń ṣe é lọ́wọ́, ó fẹ́ fi sílẹ̀. Ọ̀tunla ni mo máa bẹ̀rẹ̀."

Bàbá Jẹ́jẹ́ kì í dárúkọ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ nílé. "Mò ń lọ sínú ihò" ló máa ń wí láràárọ̀, ó parí. Ó béèrè iye tí wọ́n fẹ́ san. Ọmọ sọ ọ́. Ìdajì ni, kò lé, kò dín.

"Ó dára," ni bàbá wí. "Inú mi dùn." Ó wọ yàrá lọ, ó sì jókòó sẹ́bàá ibùsùn pẹ̀lú bàtà ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, ojú rẹ̀ kì í sì í fo ibi tí aṣọ bá ti ya. Ó tẹ̀ lé e wọlé. "Bàbá wọn, ojú yín kò jọ ojú ẹni tínú rẹ̀ dùn."

Bàbá sọ fún un, ó fi ohùn ìsàlẹ̀ sọ ọ́. "Má jẹ́ kó mọ̀. Jẹ́ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀. Èmi ti ṣe tèmi."

"Ẹ gbọ́ ná. Ọmọ yín gba ìdajì tiyín. Lọ́dún tó ń bọ̀, ọmọ ẹlòmíràn á gba ìdajì tirẹ̀. Aṣọ tí a bá ń gé sí méjì lójoojúmọ́, ta ló máa wá kù fún láti wọ̀?"

Ìlẹ̀kùn ṣí. Ọmọ náà wà níbẹ̀, ayọ̀ ti ṣí kúrò lójú rẹ̀.

"Ṣé èjìká yín ni wọ́n ní kí n tẹ̀ wọlé, Bàbá mi?"

"Ibì kan lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi."

"Kì í ṣe lórí yín," ló wí, ó sì bú sẹ́kún.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì jọ lọ bá máníjà. Ọmọ ló sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá, bàbá mi ni wọ́n. Iye tí ẹ ń san fún wọn ni èmi náà máa gbà, kí ẹ sì máa sanwó ọjọ́ òjò."

Máníjà wo bàbá, ó wo ọmọ. "Tó bá jẹ́ iye kan náà, kí ni mo wá ń pààrọ̀ ẹni fún?"

"Ohun tí àwa náà fẹ́ bi yín nìyẹn."

Máníjà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ tí òun lè pè lórí fóònù pọ̀ nígboro, kí tọ̀túntòsì wọn máa lọ. Bàbá Jẹ́jẹ́ kò bá a jà. Ó ní kó ṣáà jẹ́ kí òun bo ilé náà kí òun tó lọ. Òun àti ọmọ rẹ̀ wá tẹ́ tapólì sórí ilẹ̀ pupa náà, wọ́n sì bu erùpẹ̀ lé etí rẹ̀, bí ẹni ń da aṣọ bo ọmọ tó sùn.

"Fún ta ni?" ni ọmọ béèrè.

"Fún ẹni tó ń bọ̀. Kò ṣẹ̀ wá."

Lẹ́yìn náà, kò síṣẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá ló ń bọ́ wọn. Bàbá a máa jókòó sójú fèrèsé, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbá orí tábìlì lásán. Ọmọ ní tirẹ̀ kò jókòó. Ó ń pe àwọn tí wọ́n jọ kàwé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi wọ́n ní iye tí wọ́n ń gbà. Nígbà tó yá, bàbá náà gbé fóònù, ó ń pe àwọn àgbà tí wọ́n ti jọ walẹ̀ rí. Ojú kọ́kọ́ tì í. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, wọn kò sọ iye owó wọn létí ara wọn rí. Kálukú rò pé òun nìkan ni ìyà ń jẹ. Ọ̀dọ́kùnrin tí máníjà wá fi rọ́pò wọn ní ìdajì owó náà sì wà lára àwọn tí ọmọ pè. "Ọkàn mi ò kúkú balẹ̀," ló wí. "Mi ò mọ̀ pé ìdajì owó Bàbá ni mò ń gbà."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn rọ̀ wọlé bí òwú, fóònù bàbá dún. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ni, àwọn tó ń la ọ̀nà. Obìnrin kan béèrè iye tó máa gbà.

Bàbá Jẹ́jẹ́ mí kanlẹ̀. Ó sọ iye náà, ó fi owó ọjọ́ òjò kún un.

"Bàbá," ni obìnrin náà wí, "ẹni kẹta tí mo pè lónìí nìyí. Ṣé ẹ jọ ṣèpàdé ni? Iye kan náà ni gbogbo yín ń pè."

Bàbá gbé ojú sókè, ó ń wo ọmọ rẹ̀ tó ti dìde dúró.

"Ó dáa," ni obìnrin náà wí. "Ṣé ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé?"

"A lè bẹ̀rẹ̀, mà," ni Bàbá Jẹ́jẹ́ wí. "Àwa méjì la ń bọ̀."